Láti Orí Bẹ́ńṣì Ṣọ́ọ̀ṣì dé Ilé Aṣòfin: Bí Àwọn Onígbàgbọ́ Texas Ṣe Di Alágbàwí Ísírẹ́lì

Àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ nílùú, dandan ni kó bèèrè ìtàn ìlú. Ọ̀rọ̀ kan wà ní Texas yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fojú rí láì bèèrè ìdí rẹ̀. A ń rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ta àsíá méjì sí ìta rẹ̀, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, èkejì ti Ísírẹ́lì. A ń gbọ́ kí pásítọ̀ bẹ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ̀wé sí aṣòfin wọn nítorí Jerúsálẹ́mù. Kí ló wá pa àgbẹ̀, awakọ̀ àti olùkọ́ ilé-ìwé ní Texas pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè kékeré kan tó wà ní òdì kejì òkun?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọ ìtàn náà láti orísun rẹ̀ títí dé Houston, kí a sì yẹ ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ wò. A kò kọ ọ́ láti dájọ́ ìjà tó wà láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn ará Palestine. Ẹjọ́ yẹn tóbi ju ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. A kọ ọ́ nítorí pé àwọn ìjọ tiwa náà ti pọ̀ ní ìlú yìí, wọ́n sì ti ń pè wọ́n sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n bá pè síbi àsè yẹ kó mọ ẹni tó se oúnjẹ, kó sì mọ ìdí tó fi sè é.

Ìwé ló ṣáájú

Kí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì òde òní tó wà rárá ni àwọn onígbàgbọ́ kan ti ń gbàwí fún un. Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn wá láti ọ̀dọ̀ John Nelson Darby (1800–1882), ẹni tó jẹ́ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Ireland kó tó kúrò níbẹ̀ lọ dá ọ̀nà tirẹ̀. Darby pín ìtàn ayé sí ìgbà oríṣiríṣi. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ètò méjì ni Ọlọ́run ní, ọ̀kan fún Ìjọ, ọ̀kan fún àwọn Júù, àti pé àwọn Júù yóò padà sí ilẹ̀ baba wọn kí òpin ayé tó dé. Láàrin 1862 sí 1877, ó wá sí Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀kọ́ náà sì ta gbòǹgbò níhìn-ín.

Ẹni tó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ọ̀rọ̀ ìjọba ni William Blackstone. Oníṣòwò ni ní agbègbè Chicago, ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kò sì joyè àlùfáà. Ní oṣù kẹta ọdún 1891, nígbà tí ìyà ń jẹ àwọn Júù ní Rọ́ṣíà, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ààrẹ Benjamin Harrison pé kí Amẹ́ríkà bá àwọn ìjọba Yúróòpù sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè dá Palestine padà fún àwọn Júù. Àwọn ènìyàn 413 ló fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú orúkọ wọn: J. P. Morgan, ọ̀gá àwọn onílé ìfowópamọ́, John D. Rockefeller, ọba epo rọ̀bì. Àti Melville Fuller, adájọ́ àgbà fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìwé yìí fi ọdún mẹ́fà ṣáájú ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ tí Theodor Herzl pe àwọn Júù sí ní ìlú Basel ní 1897. Ẹ̀bẹ̀ náà kò so èso lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: àdúrà nìkan kò tó, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀, ẹ gbé e tọ ìjọba lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Cyrus Scofield, ẹni tó ti ṣe pásítọ̀ ní Dallas, tẹ Bíbélì kan jáde ní 1909 nílé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford. Ohun tó mú Bíbélì yìí yàtọ̀ ni pé àlàyé Scofield wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti kékeré kì í pẹ́ gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ wòlíì parí sí àti ibi tí ọ̀rọ̀ Scofield ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1924, Lewis Sperry Chafer tó jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Scofield dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ ní Dallas, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Dallas Theological Seminary. Láti ibẹ̀ ni àwọn pásítọ̀ ti ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ìlú ńlá àti ìlú kékeré.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, 1948, tí Ààrẹ Harry Truman sì gbà á ní ìṣẹ́jú 11 péré lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Amẹ́ríkà rí i bí ẹni tó rí ohun tí wọ́n ti kà fún un láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí Ísírẹ́lì tún gba ìhà ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù nínú ogun ọjọ́ mẹ́fà ní 1967, ó di ohun tí wọn kò lè fi ẹnu pa mọ́ mọ́.

Ọmọ Houston kan àti ọmọ Baytown kan

Ẹni tó gbé ẹ̀kọ́ yìí kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ọjà jẹ́ ọmọ ìlú tí a ń gbé yìí. Hal Lindsey, tí a bí ní Houston ní 1929, kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Dallas tí a mẹ́nu bà. Ní 1970 ni ìwé rẹ̀, The Late Great Planet Earth, jáde. Nínú rẹ̀ ó fi ìròyìn inú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ Bíbélì, ó sì fi Ísírẹ́lì ṣe ìdí òpó gbogbo rẹ̀. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ló rà á, débi pé a kà á sí ìwé tó tà jù ní Amẹ́ríkà ní gbogbo àwọn ọdún 1970 láàrin àwọn ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Lindsey kú ní 2024, ẹni ọdún 95. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ka ìwé lè pa á dé kó lọ sùn. Ó ku ẹni tí yóò kó àwọn òǹkàwé jọ.

Ẹni náà ni John Hagee, tí a bí ní 1940 ní ibi tó di ara ìlú Baytown, tó wà ní ìlà-oòrùn Houston níhìn-ín. San Antonio ló ti ń ṣe pásítọ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí ń jẹ́ Cornerstone ti di ńlá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, 1981, ọkọ̀ òfurufú Ísírẹ́lì fi bọ́m̀bù wó ilé-iṣẹ́ agbára átọ́míìkì tí Ìráàkì ń kọ́. Gbogbo ayé ló bínú. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti dá Ísírẹ́lì lẹ́bi nínú oṣù kan náà, ìjọba Ronald Reagan bá wọn dìbò, ẹnikẹ́ni kò sì lòdì sí i. Hagee kò fara mọ́ ti ìjọba rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó pe àwọn ará San Antonio jọ síbi àpéjọ kan tó pè ní Alẹ́ Ìbọ̀wọ̀ fún Ísírẹ́lì. Láti ìgbà náà wá, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nǹkan fi mọ ní àpéjọ àti ọrẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni Hagee wá pe nǹkan bí 400 olórí ìjọ láti gbogbo Amẹ́ríkà sí San Antonio, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ Christians United for Israel sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CUFI ní gékúrú. Ọ̀gá àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí ẹgbẹ́ náà, David Brog, Júù ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Ilé Aṣòfin Àgbà tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n tún pinnu pé níbi àpéjọ ẹgbẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wàásù fún Júù pé kó di onígbàgbọ́. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ wọn ní Washington, nígbà tí ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah ń gbóná ní Lẹ́bánónì. Nǹkan bí 3,500 ènìyàn ló lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ni agbára irú ẹgbẹ́ báyìí. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ti ju mílíọ̀nù 10 lọ. Àwọn Júù tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 7,500,000 lọ, tàgbà tèwe. Kò ṣòro láti di ọmọ ẹgbẹ́: ẹ ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀, kò sí owó ìwọlé. Ìdí nìyí tí iye náà fi ga. Ìdí kan náà sì ni kò fi yẹ ká gbà pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn tó láti mi ilé aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n ní aṣojú ní ìpínlẹ̀ àti ní ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó oṣù. Aṣojú yìí a bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, pásítọ̀ a gbà kí ìjọ òun ṣe Alẹ́ Ìbọ̀wọ̀ fún Ísírẹ́lì, níbẹ̀ ni wọ́n á ti gba orúkọ àwọn tó wá. Bí òfin kan bá ń bọ̀ níwájú ilé aṣòfin, ìwé á lọ sọ́dọ̀ gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kan náà: ẹ kọ̀wé, ẹ pe fóònù. Lọ́dọọdún, wọ́n á kó ara wọn lọ sí Washington. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti pín wọn gẹ́gẹ́ bí àgbègbè ìdìbò wọn, tí oníkálukú á lọ bá aṣojú-ṣòfin tirẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, nítorí pé wọ́n ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Ní 2015, wọ́n tún dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ ní Washington tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju láti máa bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ètò ìṣèlú láàrin wa mọ ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì-méjì ni aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ń padà wá tọrọ ìbò. Texas nìkan ní aṣojú 38. Bí ogójì ènìyàn láti ìjọ mẹ́ta bá wọ ọ́fíìsì irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn ẹbí wọn wà nílé, pé wọn a sì máa jáde dìbò. Kò sí olówó kan tó lè ra irú ìbẹ̀rù yẹn.

Èso rẹ̀ hàn. Ní oṣù kejìlá 2017, Ààrẹ Donald Trump kéde pé Jerúsálẹ́mù ni olú-ìlú Ísírẹ́lì, ohun tí àwọn ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀ ti ń sún síwájú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 2018, pásítọ̀ Texas méjì ló gbàdúrà: Robert Jeffress ti Dallas ló fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, John Hagee ló sì fi àdúrà kádìí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Òfin Taylor Force ti fọwọ́ lé owó ìrànlọ́wọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún ìjọba Palestine, títí wọn yóò fi dẹ́kun sísan owó fún àwọn tó kọlu ọmọ Ísírẹ́lì àti fún ẹbí wọn. CUFI wà lára àwọn tó jà fún òfin náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò dára bí a bá sọ apá kan. Ní 2008, Hagee ti John McCain lẹ́yìn láti di ààrẹ. Nígbà tí ìwàásù kan tó ti ṣe tipẹ́ jáde síta, níbi tó ti sọ pé ọdẹ tí Ọlọ́run rán láti lé àwọn Júù padà sílé ni Hitler, McCain kọ àtìlẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ọ̀pọ̀ Júù pàápàá bèèrè irú ìfẹ́ tí èyí jẹ́, ìfẹ́ tó ń retí kí ilé olólùfẹ́ rẹ̀ di pápá ogun ìkẹyìn. Èyí tó sì yẹ kó ká àwa onígbàgbọ́ lára jù ni èyí: ní oṣù kẹjọ 2006, ọdún kan náà tí wọ́n dá CUFI sílẹ̀, àwọn olórí ìjọ mélòó kan ní Jerúsálẹ́mù gan-an, tí Michel Sabbah, olórí Ìjọ Àgùdà níbẹ̀, wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi kọ ẹ̀kọ́ yìí pátápátá. Wọ́n ní ó ń fi ogun àti agbára ìjọba sí ipò ìfẹ́ àti ìdájọ́ òdodo. Àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní ilẹ̀ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà mélòó la ti gbọ́ orúkọ wọn ní orí pẹpẹ ní Houston?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Washington kò kan Houston, kó gbọ́ ìtàn Dickinson.

Ní oṣù karùn-ún 2017, Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí òfin kan pé ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú ní Texas kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe kọ́ńtíráàtì àfi bó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní pa ọjà Ísírẹ́lì tì. CUFI wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní àwọn ìpínlẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjì Harvey dé, tí omi bo ilé àti ọjà. Dickinson, ìlú kékeré tó wà láàrin Houston àti Galveston, wà lára àwọn ibi tí omi bàjẹ́ gidigidi. Nígbà tí ìlú náà fẹ́ pín owó ìrànwọ́ fún àwọn tó fẹ́ tún ilé wọn ṣe, gbólóhùn kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà: ẹni tó ń tọrọ owó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun kò ní pa ọjà Ísírẹ́lì tì. Ẹ fojú inú wo ẹni tí páálí ògiri ilé rẹ̀ ti jẹrà, tí ibùsùn rẹ̀ wà níta, tí wọ́n ń bèèrè èrò rẹ̀ nípa orílẹ̀-èdè mìíràn kí wọ́n tó fún un lówó pákó. Ariwo pọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú sì yọ gbólóhùn náà kúrò fún àwọn onílé.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2019, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá òfin náà dúró nínú ẹjọ́ tí obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ pè. Kíá ni àwọn aṣòfin tún òfin ṣe, pé kó má kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ sì tó 100,000 dọ́là. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Houston níhìn-ín, tí ẹni tó ni ín jẹ́ ọmọ Palestine tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún ìlú Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, adájọ́ fún un ní àṣẹ ìdádúró. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé àṣẹ yẹn, wọ́n ní kò ní ẹ̀tọ́ láti pe agbẹjọ́rò àgbà Texas lẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkọlù Hamas ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023, tí nǹkan bí 1,200 ènìyàn kú ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n sì jí nǹkan bí 250 gbé, Hagee wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìwọ́de ńlá Washington ní oṣù kọkànlá. Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, iye àwọn tó kú ní Gaza, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ibẹ̀ ti kà á, ti ju 60,000 lọ. Ní 2025 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà gba físà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kan nítorí ohun tí wọ́n kọ tàbí tí wọ́n sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé níhìn-ín, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti orí pẹpẹ.

Àwa Yorùbá àti Ísírẹ́lì

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí orúkọ Ísírẹ́lì. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884 ni a ti ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin, tí a sì fi ń sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n Bíbélì wa kò ní àlàyé Scofield lábẹ́. Ísírẹ́lì tí àwọn baba wa ń kọrin nípa rẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ọlọ́run níbikíbi tí wọ́n bá wà, títí kan ìjọ kékeré tó wà ní abúlé wọn.

Ísírẹ́lì ti òde òní náà bá wa ṣe, ọ̀nà rẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba wa bá ilé-iṣẹ́ Solel Boneh ti Ísírẹ́lì dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Nigersol sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tó jáde ní Ifẹ̀ láàrin wa, tí ẹ ti jókòó ní gbọ̀ngàn Odùduwà, ẹ mọ̀ pé Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà yunifásítì náà. Ìsìn kọ́ ló mú un wá. Iṣẹ́ ló mú un wá, ìlú wa ló sì jẹ èrè rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kẹwàá 1973, nígbà ogun Ísírẹ́lì àti Íjíbítì, Nàìjíríà fọ́ àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì nítorí pé ọmọ ogun rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ṣe é ni Yakubu Gowon, onígbàgbọ́, tó jẹ́ alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà. Ní 1984, Ọ̀ọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé àti Ẹ́míà Kánò, Ado Bayero, bá ara wọn lọ sí Ísírẹ́lì. Ìjọba Buhari bínú, ó sì ká àwọn méjèèjì mọ́ agbègbè wọn fún oṣù mẹ́fà. Ní 1992 ni àjọṣe padà, lábẹ́ Ibrahim Babangida tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ kíyè sí i: onígbàgbọ́ ló já okùn, Mùsùlùmí ló so ó padà, ọba Yorùbá àti ẹ́míà Kánò ló sì jọ jìyà kan náà. Bí ìsìn bá ni gbogbo ọ̀rọ̀, ìtàn kì bá má rí báyìí. Ohun tó ṣe orílẹ̀-èdè láǹfààní ni wọ́n wò, bí wọ́n ṣe é dáadáa tàbí wọn kò ṣe é dáadáa.

Ohun tí a kò ní ní 1993

Houston yìí náà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Mickey Leland, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ṣojú àárín Houston ní Washington láti 1979, jẹ́ ọ̀rẹ́ Ísírẹ́lì. Ní 1980 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń rán àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní oko àjùmọ̀ní àwọn Júù níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló jà fún ìfòfindè South Africa nígbà ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, òun náà ló darí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lórí ebi. Ní oṣù kẹjọ 1989, ó kú nínú ọkọ̀ òfurufú ní Ethiopia lọ́nà ibùdó àwọn olùwá-ibi-ìsádi. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ kan kò dí i lójú sí ẹkún ilẹ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa léèrè. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993, tí wọ́n ti M. K. O. Abíọ́lá mọ́lé ní 1994, tí wọ́n sì pa Kudirat aya rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1996, àwọn ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà kígbe. Ẹgbẹ́ TransAfrica ti Randall Robinson bá wa kígbe. Amẹ́ríkà fi físà du àwọn ológun, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan epo rọ̀bì Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ẹ̀mí Abacha. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní ọ́fíìsì gíga-gíga ní àárín Houston. Àwa ní ìjọ, a ní ẹgbẹ́ ìlú, a ní àwọn dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí a kò ní ni ogójì ènìyàn láti ìjọ mẹ́ta tí yóò jọ wọ ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin kan, tí wọn yóò sọ ohun kan náà, tí wọn yóò sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tí a rò pé ó yẹ

Lónìí, Houston jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù. Ìjọ Ìràpadà tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ ní 1952 ti ní ilẹ̀ ńlá ní Floyd, lápá ìlà-oòrùn Dallas, ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀ ní Houston. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ń fi JP kún orúkọ wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Kò sì yani lẹ́nu pé àwọn tó ń kó orúkọ jọ ń wo irú ìjọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni kí ìyá àgbà fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn ìsìn, kó rò pé àdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù lòun fọwọ́ sí, kí orúkọ rẹ̀ sì lọ di ẹlẹ́rìí fún òfin tí a kò kà sí i létí.

Nítorí náà, a bẹ àwọn olórí ìjọ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ pé kí a máa bèèrè ohun mẹ́ta kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Èkíní: òfin wo ni, kí sì ni yóò ṣe fún ẹni tí kò sí níbí láti sọ tẹnu rẹ̀? Èkejì: kí ni àwọn onígbàgbọ́ tó ń gbé ilẹ̀ náà sọ, Júù àti Lárúbáwá tí ń bẹ láàrin wọn? Ẹ̀kẹta: ṣé a ti ṣe ìdajì rẹ̀ fún ilé wa? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì fọwọ́ sí i, ti ṣe bí ọmọlúàbí, ibi yòówù tó bá dúró sí. Ẹni tó kọ̀ náà ti ṣe bí ọmọlúàbí.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a dá a lábàá pé kí ìgbìmọ̀ ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ ní sáà yìí, kí a kọ orúkọ aṣojú-ṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí a ń gbé sílẹ̀, kí àwọn tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà láàrin wa sì mọ ọ́fíìsì rẹ̀. Blackstone kò ní ju bébà àti gègé lọ ní 1891. Àwa ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti lò ó fún ire. Ire o.